Ibi tí Ojú Dúró sí: Òkè, Ìlú àti Àdàlú Ọgbọ́n nínú Iṣẹ́ Fọ́tò Alvin Langdon Coburn

1. Ìfáàrà

Mo mọ̀ pé ẹnu yóò ya àwọn kan pé olùkọ́ lítíréṣọ̀, ẹni tí ó ti ń fi ọ̀pọ̀ ọdún sọ̀rọ̀ lórí ìwé ìtàn àròsọ àti ewì, dìde lónìí láti sọ̀rọ̀ lórí fọ́tò. Wọ́n lè máa bi ara wọn léèrè pé kí ni ó kan ewúrẹ́ nínú ọ̀rọ̀ àgùntàn. Ìdí méjì ni mo ní.

Ìdí kìíní ni pé inú ìwé ni mo ti kọ́kọ́ pàdé ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti ṣí àtẹ̀jáde iṣẹ́ Henry James tí a ń pè ní New York Edition, èyí tí ó jáde láàárín ọdún 1907 sí 1909, yóò rí i pé fọ́tò kan wà ní iwájú ìwé kọ̀ọ̀kan nínú ìwé 24 náà. Alvin Langdon Coburn ni ó yà wọ́n. James jẹ́ òǹkọ̀wé tí kì í fẹ́ kí ayàwòrán kankan bá òun dá sí ọ̀rọ̀ tí òun ń sọ. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá wá yọ̀ǹda iwájú gbogbo ìwé rẹ̀ fún ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń gbé kámẹ́rà kiri, ó yẹ kí olùkọ́ lítíréṣọ̀ dúró kí ó bèèrè ìdí rẹ̀.

Ìdí kejì jẹ́ ti ara mi. Nígbà tí mo wà ní ọmọdé, ayafọ́tò àgbàlagbà kan wà ní àdúgbò wa. Ìgbéyàwó, ìsìnkú, ìwúyè àti ìkómọjáde ìlú wa fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún ni ó wà nínú àwọn àpótí rẹ̀, lára awẹ́ gíláàsì tí wọ́n ń lò kí fíìmù tó gbòde. Nígbà tí bàbá náà kú, wọ́n fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ gíláàsì wọ̀nyí mọ́ tónítóní, wọ́n sì fi wọ́n ṣe fèrèsé ilé adìyẹ. Èmi náà wà lára àwọn ọmọ tí ó bá wọn pọn omi. Mo rántí bí ojú àwọn ènìyàn ṣe ń ṣí kúrò lára gíláàsì náà ní wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, tí ó sì ń bá omi ọṣẹ lọ. Kò sí ẹni tí ó rò pé a ń ba nǹkan jẹ́. N ó padà sí ọ̀rọ̀ yìí kí n tó jókòó, nítorí pé Coburn fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ohun kan tí ó fara jọ ọ́.

Ohun tí mo fẹ́ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ kò pọ̀. Àwọn tí ó ń sọ̀rọ̀ nípa Coburn sábà máa ń pín iṣẹ́ rẹ̀ sí ọ̀nà mẹ́ta: fọ́tò òkè, omi àti àwọsánmà, fọ́tò ìlú ńlá, àti fọ́tò tí ó fi àdàlú ọgbọ́n ṣe. Ní èrò tèmi, ọ̀kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ọkùnrin náà ń bi ara rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: níbo ni ó yẹ kí ojú dúró sí, kí ohun tí gbogbo ayé ń rí lójoojúmọ́ tó lè di ohun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí?

2. Ìgbà Èwe àti Ẹ̀kọ́ Rẹ̀

Ìlú Boston ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni a ti bí Coburn ní ọjọ́ 11 oṣù kẹfà ọdún 1882. Oníṣòwò ẹ̀wù ni bàbá rẹ̀, ó sì kú nígbà tí ọmọ náà wà ní ọmọ ọdún méje. Ìyá rẹ̀ ni ó tọ́ ọ, òun náà ni ó sì ń bá a rin ìrìn àjò lẹ́yìn náà, bí ẹni pé iṣẹ́ ọmọ ni iṣẹ́ tirẹ̀. Ní ọdún 1890, nígbà tí wọ́n lọ kí àwọn ìbátan wọn ní Los Angeles, wọ́n fún ọmọ náà ní kámẹ́rà Kodak kan. Láti ọjọ́ náà ni kò ti gbé e sílẹ̀ mọ́.

Ní ọdún 1898 ni ó pàdé ìbátan rẹ̀ kan tí ó jìnnà díẹ̀, Fred Holland Day, ẹni tí ó ti di ayafọ́tò olókìkí. Day rí ẹ̀bùn tí ó wà lára ọmọ náà. Òun ni ó ṣe ọ̀nà tí Coburn àti ìyá rẹ̀ fi dé Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí Day ti ń kó iṣẹ́ àwọn ayafọ́tò ìgbàlódé ilẹ̀ Amẹ́ríkà jọ fún ìpàtẹ ní Royal Photographic Society ní ọdún 1900. Fọ́tò 9 nínú ìpàtẹ náà jẹ́ ti Coburn. Ọmọ ọdún 18 ni nígbà náà.

Nígbà tí ó padà sí Amẹ́ríkà, ó ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ Gertrude Käsebier ní New York, ó sì kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ Arthur Wesley Dow ní Ipswich, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts. Ẹ jẹ́ kí á dúró díẹ̀ lórí Dow, nítorí pé òun ni kọ́kọ́rọ́ sí púpọ̀ nínú ohun tí n ó sọ. Olùkọ́ iṣẹ́ ọnà ni, tí ó ti fi tọkàntọkàn wo àwòrán àwọn ará Japan. Ohun tí ó ń kọ́ni ni pé kí ẹni tí ń ṣe àwòrán má ṣe kọ́kọ́ wo igi, kí ó má ṣe kọ́kọ́ wo ilé. Kí ó kọ́kọ́ wo bí dúdú àti funfun ṣe pín ojú ìwé mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ilé àti igi yóò wá bọ́ sí ipò wọn lẹ́yìn náà. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ti mọ èyí, kò sí ìyàtọ̀ ńlá fún un mọ́ láàárín ẹ̀ka igi tí ó tẹ̀ lórí odò àti afárá irin tí ó tẹ̀ lórí odò. Ojú kan náà ni yóò fi wo méjèèjì. Ibí yìí ni òkè àti ìlú ti kọ́kọ́ pàdé nínú iṣẹ́ Coburn, kí ó tó dé orí òkè tàbí orí ilé gíga kankan.

3. Ṣé Iṣẹ́ Ọnà ni Fọ́tò?

A kò lè mọ ìdí tí Coburn fi ṣe bí ó ti ṣe bí a kò bá mọ ìjà tí ó bá nílẹ̀. Ní òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ẹnikẹ́ni tí ó bá ní owó kámẹ́rà lè ya fọ́tò. Ẹ̀rọ ń ṣe iṣẹ́, oòrùn ń ṣe iṣẹ́, kẹ́míkà náà ń ṣe tirẹ̀. Àwọn olámèyítọ́ wá ń bèèrè pé kí ni ó kù tí ènìyàn ṣe? Wọ́n ní ẹni tí ó ń fi ọ̀dà àti búrọ́ọ̀ṣì ṣiṣẹ́ ni oníṣẹ́ ọnà, pé ẹni tí ń tẹ bọ́tìnnì kámẹ́rà kò yàtọ̀ sí akọ̀wé tí ń da ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn kọ.

Àwọn ayafọ́tò dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ láti fi èsì fún wọn. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹgbẹ́ Linked Ring ti wà láti ọdún 1892. Ní New York, Alfred Stieglitz dá Photo-Secession sílẹ̀ ní ọdún 1902, ó sì bẹ̀rẹ̀ ìwé ìròyìn rẹ̀, Camera Work, ní ọdún 1903. Kí ọdún 1903 náà tó parí, Coburn ti wọ ẹgbẹ́ méjèèjì. Ìdáhùn tí púpọ̀ nínú wọn fún àwọn alátakò ni pé kí wọ́n wá wo ọwọ́ wa. Bí ó bá jẹ́ pé àìsí iṣẹ́ ọwọ́ nínú fọ́tò ni ẹ̀sùn náà, wọn yóò fi iṣẹ́ ọwọ́ sí i.

4. Àdàlú Ọgbọ́n

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Mo fẹ́ ṣe àlàyé ọ̀nà mẹ́ta tí Coburn gbà wọ ọjà tirẹ̀, nítorí pé bí a kò bá mọ bí a ti ṣe nǹkan, àròsọ ni ìyìn tí a bá fún un.

Ọ̀nà kìíní ni awò tí ó fi sí ojú kámẹ́rà. Ilé iṣẹ́ Pinkham & Smith ní Boston ń ṣe awò kan tí kì í jẹ́ kí àwòrán mú ṣánṣán. Etí ohun gbogbo a máa rọ̀, ìmọ́lẹ̀ a máa tàn wọ inú òkùnkùn díẹ̀díẹ̀. Coburn fẹ́ràn awò yìí púpọ̀. Àwọn kan rò pé àbùkù ni pé àwòrán kò mú. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ojú tí omi wà nínú rẹ̀ kì í rí ẹyọ ewé lórí igi, igi gan-an ni ó ń rí. Ohun tí Coburn ń wá nìyẹn.

Ọ̀nà kejì ni àdàlú platínọ́ọ̀mù àti gọ́ọ̀mù. Ayafọ́tò yóò kọ́kọ́ tẹ àwòrán rẹ̀ sórí ìwé tí a fi èròjà platínọ́ọ̀mù pa. Àwọ̀ eérú tí ó jinlẹ̀ tí ó sì tutù lójú ni ìwé bẹ́ẹ̀ máa ń ní. Bí ó bá gbẹ tán, yóò pa ìwé kan náà ní gọ́ọ̀mù, èyí ni oje igi kaṣíà tí wọ́n ń kó ní ilẹ̀ ọ̀dàn gbígbẹ Áfíríkà, títí dé apá Àríwá orílẹ̀-èdè tiwa. Yóò ti po àwọ̀ àti kẹ́míkà kan mọ́ gọ́ọ̀mù náà. Yóò wá gbé awo nẹ́gétíìfù kan náà lé e ní ibi tí ó wà tẹ́lẹ̀ gẹ́lẹ́, yóò sì tún gbé e sí ìmọ́lẹ̀. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá dé, gọ́ọ̀mù yóò le. Ibi tí kò dé, omi yóò fọ̀ ọ́ lọ. Nípa bẹ́ẹ̀, àwòrán kejì jókòó lórí àwòrán kìíní, òkùnkùn rẹ̀ túbọ̀ jinlẹ̀ sí i, àwọ̀ sì dé ibi tí kò sí tẹ́lẹ̀. Bí ó bá fẹ́, ó lè fi búrọ́ọ̀ṣì nu ibì kan nígbà tí ó ṣì tutù. Kò sí ìwé méjì tí yóò dọ́gba. Ẹ ṣàkíyèsí èyí: nẹ́gétíìfù kan lè bí ọmọ mẹ́wàá, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò ní ìwà tirẹ̀.

Ọ̀nà kẹta ni fífi bàbà tẹ̀wé. Láti ọdún 1906, Coburn lọ kọ́ iṣẹ́ yìí ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọba ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Wọn a gbé àwòrán lé orí awo bàbà, àsíìdì a sì jẹ bàbà náà, yóò jẹ ẹ́ jinlẹ̀ níbi òkùnkùn, yóò fi ẹnu bà á níbi ìmọ́lẹ̀. Wọn a fi tàdáwà kún ihò wọ̀nyí, wọn a nu ojú bàbà, wọn a sì fi ẹ̀rọ tẹ ìwé tútù mọ́ ọn. Coburn kò gbé iṣẹ́ yìí fún ẹlòmíràn. Ó ra ẹ̀rọ ìtẹ̀wé méjì sí ilé rẹ̀ ní Hammersmith, létí odò Thames. Òun fúnra rẹ̀ ni ó jẹ́ ayafọ́tò, agbẹ́bàbà àti atẹ̀wé.

Ẹnìkan lè béèrè pé ṣé irọ́ kọ́ ni gbogbo èyí. Bí fọ́tò bá jẹ́ ẹlẹ́rìí, ṣé ó yẹ kí ẹlẹ́rìí kun àtíkè? Kí á tó dá Coburn lẹ́jọ́, ẹ jẹ́ kí á rántí ohun tí àwọn ayafọ́tò tiwa náà ti ṣe. Nígbà tí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú kí wọ́n tó ya fọ́tò pọ̀, ayafọ́tò a máa ya èyí tí ó kù, a sì tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì sórí ìwé kan ṣoṣo, kí Táíwò àti Kẹ́hìndé lè jókòó ti ara wọn. Ta ni yóò wo ojú ìyá ìbejì kí ó sọ pé irọ́ ni? Òtítọ́ tí ó wà nínú àwòrán náà kì í ṣe ti ohun tí ó wà níwájú kámẹ́rà. Òtítọ́ nípa bí ìbejì ti rí lọ́kàn àwọn tí ó bí wọn ni. Irú òtítọ́ kejì yìí ni Coburn àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ń lépa.

5. Ìlú láti Ilẹ̀: Lọ́ńdọ̀nù àti Henry James

Coburn padà sí Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1904. George Bernard Shaw di ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó sì kọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú fún ìpàtẹ tí Coburn dá ṣe ní Royal Photographic Society ní ọdún 1906. Ṣùgbọ́n Henry James ni ó kọ́ ọ láti rìn nínú ìlú. Wọ́n ti pàdé ní New York ní ọdún 1905. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, James kọ ìlànà fún un lórí ibi tí yóò lọ àti ohun tí yóò wá ní Páríìsì àti ní Venice, ó sì bá a rìn fúnra rẹ̀ ní àwọn òpópónà Lọ́ńdọ̀nù.

Ohun tí James fẹ́ ṣòro láti rí. Nínú ìwé The Golden Bowl, ṣọ́ọ̀bù kan wà tí wọ́n ti ń ta ohun àtijọ́. James kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọ́ irú ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀ tàbí kí ó yà á látinú orí ara rẹ̀. Ó fẹ́ kí wọ́n rìn kiri títí wọn yóò fi rí èyí tí ó ti wà níbì kan, tí kò sì mọ̀ pé òun ni ṣọ́ọ̀bù inú ìwé. Nígbà tí ó kọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú sí ìwé náà, ó ṣàlàyé pé àwọn fọ́tò wọ̀nyí kò gbọdọ̀ bá ọ̀rọ̀ òun díje. Kí wọ́n má ṣe sọ pé báyìí ni ènìyàn kan nínú ìtàn ti rí. Kí wọ́n kàn jẹ́ ìró tí ń dáhùn láti ọ̀nà jíjìn. Nítorí náà ni ó fi jẹ́ pé ilẹ̀kùn, afárá, ẹnu ọ̀nà àti òpópónà ni ó pọ̀ jù nínú wọn. Ẹni tí ó bá ti ka ìwé náà ni yóò fi èrò tirẹ̀ gba ẹnu ilẹ̀kùn náà wọlé.

Ẹ̀kọ́ yìí ni ó so èso nínú ìwé méjì tí Coburn tẹ̀ jáde lẹ́yìn náà, London ní ọdún 1909, tí Hilaire Belloc kọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú rẹ̀, àti New York ní ọdún 1910, tí H. G. Wells kọ tirẹ̀. Àwòrán 20 ni ó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, Coburn fúnra rẹ̀ ni ó sì ṣe awo bàbà wọn. Nínú London, kùrukùru àti èéfín ni ó ń ṣe iṣẹ́ tí gọ́ọ̀mù ń ṣe lórí ìwé: wọ́n ń bo ohun kékeré mọ́lẹ̀ kí ohun ńlá lè yọ. Odò, ọkọ̀ ojú omi àti afárá di ìpele dúdú lórí ìpele eérú. Ojú Coburn ṣì wà ní ilẹ̀ nígbà yìí, ní ibi tí ojú gbogbo ènìyàn wà. Ojú ọjọ́ ni ó ń bá a yí ìlú padà.

6. Òkè, Àfonífojì àti Ìkùukùu

Ní ọdún 1911, ó lọ sí apá Ìwọ̀ Oòrùn Amẹ́ríkà. Ó ya fọ́tò ní Grand Canyon ní Arizona, àfonífojì tí odò Colorado gbẹ́ sínú àpáta, tí ó jìn ju kìlómítà kan àbọ̀ lọ. Ó tún ya fọ́tò ní Yosemite ní California, níbi tí omi ti ń já bọ́ láti orí àpáta gíga.

Àwọn ayafọ́tò mìíràn ti débẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn gbé kámẹ́rà ńlá dé ibẹ̀ láti fi han ìjọba àti àwọn ará ìlú bí ilẹ̀ náà ti rí, kí a lè ka àpáta ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ti Coburn yàtọ̀. Ní Grand Canyon, ènìyàn kì í gbójú sókè wo òkè. Etí bèbè ni ó ń dúró sí, tí ó ń wo ìsàlẹ̀. Òkè wà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí ojú bá ti ń wo ìsàlẹ̀ báyìí, ojú ọ̀run a kéré lójú àwòrán, òjìji a sì gba ipò ara. A kò mọ̀ mọ́ bóyá ohun tí ó dúdú jẹ́ àpáta tàbí òjìji àpáta. Ẹ̀kọ́ Dow nípa dúdú àti funfun wá di ohun tí ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ń sọ.

Èso mìíràn nínú àsìkò náà ni ìwé kékeré kan tí ó jáde ní Los Angeles ní ọdún 1912: ewì The Cloud tí Percy Bysshe Shelley kọ, pẹ̀lú fọ́tò 6 láti ọwọ́ Coburn. Nínú ewì náà, ìkùukùu fúnra rẹ̀ ni ó ń sọ̀rọ̀ nípa ara rẹ̀, bí ẹni tí ń ki oríkì ara rẹ̀. Coburn rántí ohun tí James kọ́ ọ. Kò ya ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ Shelley. Ìkùukùu ni ó yà, ó sì fi í sílẹ̀ kí ó máa dáhùn ewì náà bí ó bá ti wù ú.

7. Ìlú láti Òkè

Nígbà tí Coburn padà sí New York ní ọdún 1912, ìlú náà ti kún fún ilé àwòṣífìlà. Ilé gogoro Metropolitan Life, tí wọ́n parí ní ọdún 1909, ga tó mítà 213. Kò sí ilé tí ó ga jù ú lọ ní ayé títí di ọdún 1913. Kì í ṣe pé Coburn dúró ní ìsàlẹ̀ kí fìlà rẹ̀ ṣí. Ó gun orí àwọn ilé wọ̀nyí, ó sì wo ìsàlẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ó ti wo Grand Canyon.

Èyí tí ó lókìkí jù nínú àwọn fọ́tò náà ni The Octopus. Ọgbà Madison Square ni, tí yìnyín bò, tí a wò láti òkè. Àwọn ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ inú ọgbà náà yọ dúdú nínú funfun yìnyín. Wọ́n ká, wọ́n sì nà jáde láti ojú kan bí apá ẹ̀dá inú òkun tí ó ní apá mẹ́jọ, èyí tí Coburn fi sọ fọ́tò náà lórúkọ. Òjìji ilé gogoro náà nà gbọọrọ kọjá lórí ọgbà. A kò rí ojú ọ̀run rárá. Bí ènìyàn bá wà níbẹ̀, kò ju kíún lọ.

Coburn pàtẹ iṣẹ́ yìí àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1913, ó sì sọ nígbà náà pé kò yẹ kí ayafọ́tò máa tọ ipa àtijọ́ nígbà tí àwọn ayàwòrán ọlọ́dà ti ń ya ipa titun. Ó yẹ kí á rántí pé fọ́tò tí László Moholy-Nagy yà láti orí ilé gogoro rédíò ní ìlú Berlin, tí ọ̀pọ̀ ń tọ́ka sí gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ ojú ìgbàlódé, kò wáyé títí di ọdún 1928. Coburn ti ṣíwájú rẹ̀ dáadáa.

Àwọn àgbà máa ń sọ pé ohun tí àgbà rí lórí ìjókòó, bí ọmọdé gun orí igi kò lè rí i. Òtítọ́ ni òwe yìí, ó sì bá Coburn wí díẹ̀. Ní àwọn ọdún kan náà, láti ọdún 1908, Lewis Hine ń gbé kámẹ́rà kiri ilé iṣẹ́ ìfọwú àti ibi ìwakùsà ní Amẹ́ríkà, ó ń ya fọ́tò àwọn ọmọdé tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́. Hine bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ojú rẹ̀ lè dọ́gba pẹ̀lú ojú ọmọdé. Coburn gun òkè títí ènìyàn fi di ẹ̀kún. Ẹni tí ó bá ń wá ìgbé ayé àwọn tí ó kọ́ ilé gogoro wọ̀nyí kò ní rí i nínú iṣẹ́ Coburn. N kò ní bo èyí mọ́lẹ̀. Ibi tí ojú bá dúró sí, ibẹ̀ ni ó ń fi han ni. Ohun tí ó sì fi pamọ́ ń bẹ lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìbáwí yìí gan-an ń fi ìdí àbá mi múlẹ̀: ibi ìdúró ayafọ́tò kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà nìkan, ọ̀rọ̀ ìwà ni pẹ̀lú.

8. Díńgí Mẹ́ta

Ní ọdún 1912 yìí kan náà ni Coburn gbé Edith Wightman Clement níyàwó. Ní oṣù kọkànlá, wọ́n wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò sì padà sí Amẹ́ríkà mọ́ títí ó fi kú.

Ní Lọ́ńdọ̀nù, ó bá akéwì Ezra Pound àti ayàwòrán Wyndham Lewis pàdé, àwọn tí ń pe ìpéjọpọ̀ wọn ní Vorticism. Bí ọdún 1916 ti ń parí lọ, ó so díńgí mẹ́ta pọ̀ ní igun mẹ́ta, ó gbé e ka iwájú awò kámẹ́rà, ó sì gba àárín rẹ̀ ya fọ́tò awẹ́ igi àti kírísítálì tí ó tò sórí tábìlì gíláàsì. Ohun tí ó jáde kò jọ igi, kò sì jọ kírísítálì. Ìmọ́lẹ̀ tí a fọ́ sí wẹ́wẹ́ tí a sì tún tò ni. Pound pè é ní vortograph. Ní oṣù kejì ọdún 1917, wọ́n pàtẹ 18 nínú wọn ní ilé ẹgbẹ́ Camera Club, pẹ̀lú àwòrán ọlọ́dà tí Coburn fi ọwọ́ ara rẹ̀ kùn. Wọ́n wà lára àwọn fọ́tò àkọ́kọ́ ní ayé tí a mọ̀ọ́mọ̀ yà kí wọ́n má baà jọ ohunkóhun.

Àwọn kan ní Coburn já okùn ara rẹ̀ níbí, pé ó fi òkè àti ìlú sílẹ̀. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Bí a bá tò ó bí ó ti ṣẹlẹ̀, a ó rí i pé ìrìn kan ni. Ní Lọ́ńdọ̀nù, kùrukùru yí ìlú padà fún un. Ní Arizona, bèbè àfonífojì yí òkè padà. Ní New York, ilé gogoro yí ọgbà padà. Ohun tí ó kù ni kí ó gbé ibi ìdúró náà wá sínú kámẹ́rà fúnra rẹ̀, kí ó má tún gun òkè kankan mọ́. Díńgí mẹ́ta náà ni bèbè àfonífojì tí a lè gbé sórí tábìlì. Lẹ́yìn rẹ̀, kò sí ibi tí ojú tún lè lọ.

9. Ohun tí Ó Ṣẹlẹ̀ ní Ọdún 1930

Bóyá ìdí nìyẹn tí ó fi rọra kúrò nínú iṣẹ́ náà. Láti ọdún 1919 ó ti wọ ẹgbẹ́ Freemason, ó ń fi ọkàn sí ọ̀rọ̀ ẹ̀mí, ó sì ń gbé ní ilẹ̀ Wales. Ní ọdún 1930, ó pa nẹ́gétíìfù rẹ̀ tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 15,000 run. Ní ọdún kan náà, ó kó àwọn fọ́tò tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ fún Royal Photographic Society. Ó gbé títí di ọjọ́ 23 oṣù kọkànlá ọdún 1966, ọdún tí ìwé ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ tí òun fúnra rẹ̀ kọ jáde.

Mo ti sọ pé n ó padà sí ọ̀rọ̀ gíláàsì àdúgbò wa. Nígbà tí mo kọ́kọ́ kà nípa 15,000 yìí, inú mi bàjẹ́. Ilé adìyẹ ni mo rántí. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wá mọ̀ nípa àdàlú ọgbọ́n rẹ̀, mo rí i pé ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́. Fún Coburn, nẹ́gétíìfù kì í ṣe àwòrán. Irúgbìn ni. Platínọ́ọ̀mù, gọ́ọ̀mù, bàbà, tàdáwà àti ọwọ́ ni ó ń sọ ọ́ di àwòrán. Ohun tí ó ti parí ni ó fi pamọ́ sí ọwọ́ àwọn tí yóò tọ́jú rẹ̀; ohun tí ẹlòmíràn lè fi àìmọ̀ tẹ̀ jáde lórúkọ rẹ̀ ni ó parun. Òǹkọ̀wé tí ó jó ìwé àkọ́kọ ìtàn rẹ̀ lẹ́yìn tí ìtàn náà ti jáde kò pa ìtàn náà.

Síbẹ̀, n kò lè dá a láre tán. Olùṣe kì í ṣe onídàájọ́ ìkẹyìn lórí iṣẹ́ rẹ̀. Nínú 15,000 náà, ó ṣeé ṣe kí òpópónà kan wà tí ogun ti wó palẹ̀, tàbí ojú ènìyàn kan tí Coburn kò kà sí nǹkan, tí àwa ìbá kà sí. Àdánù ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín àdánù rẹ̀ àti tiwa. Ó yàn kí ó tó parun. Àwa kò mọ̀ pé nǹkan kan wà tí ó yẹ kí á yàn. Ohun tí ó kù lẹ́yìn rẹ̀ wà ní ibi ìkóhunìṣẹ̀ǹbáyésí títí di òní. Ohun tí ó kù lẹ́yìn bàbá àdúgbò wa ni imọ́lẹ̀ tí ń wọlé fún adìyẹ.

10. Àgbálọgbábọ̀

Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo ti gbìyànjú láti fi hàn pé òkè, ìlú àti àdàlú ọgbọ́n kì í ṣe ìpín mẹ́ta nínú iṣẹ́ Coburn. Ìwádìí kan náà ni ó ń ṣe nípa ibi tí ó yẹ kí ojú dúró sí. Mo sì ti sọ ibi tí ìdúró rẹ̀ kù díẹ̀ káàtó: ó ga títí kò fi rí ènìyàn.

Àwọn onímọ̀ kan nínú wa máa ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà àwòrán sí à-wò-rántí, ohun tí a wò tí a fi rántí. Bí a bá gba ìtumọ̀ yìí, iṣẹ́ méjì ni ó wà nínú àwòrán. Wíwò ni iṣẹ́ ayafọ́tò, Coburn sì ṣe tirẹ̀ dé ojú àmì. Rírántí ni iṣẹ́ àwa tí a ṣẹ́ kù. Ní ọ̀pọ̀ ilé ní ìlú wa ni àpótí gíláàsì àti fíìmù ṣì wà lábẹ́ ibùsùn, tí àwọn ọmọ olóògbé kò mọ ohun tí wọn yóò fi ṣe. Mo bẹ ẹ̀ka ẹ̀kọ́ wa pé kí á rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jáde láti wá wọn kàn, kí wọ́n sì kọ orúkọ àwọn tí ó wà nínú wọn sílẹ̀ nígbà tí àwọn àgbà tí ó mọ̀ wọ́n ṣì wà láàyè. Mo bẹ ẹ̀yin ará ìlú pẹ̀lú pé, bí ẹ bá rí irú àpótí bẹ́ẹ̀, kí ẹ tó pọn omi gbígbóná, ẹ kọ́kọ́ gbé awẹ́ kan sókè sí ojú fèrèsé, kí ẹ wo ẹni tí ó wà níbẹ̀.